Ibi tí Abẹ́rẹ́ Rédíò Dúró Sí

"Kì í ṣe ilẹ̀kùn páànù," ni Màmá Thora Nygaard wí. "Ilẹ̀kùn tó wúwo ni. Gbòm! Báyìí ló dún. Mo sọ fún ọmọkùnrin tẹ́ ẹ rán wá lánàá, kò kọ ọ́ sílẹ̀."

Ardis Pelkey gbé ife kọfí sílẹ̀. Òun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo tí ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù ní, ọmọkùnrin tí màmá sì ń bú yìí, Kurt Brandvold, ni ọlọ́pàá tó ń bá a ṣiṣẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí orin."

"Orin wo? Ariwo ni, ọmọ mi. Gbì, gbì, gbì! Gbogbo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ń gbọ̀n. Ibi tí mo jókòó sí yìí náà ni mo wà, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ojú mi ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ṣe etí mi. Ọkọ̀ yẹn ń bọ̀ láti ọ̀nà ìlú. Mo wá gbọ́ kinní kan bí ìgbà téèyàn ju àpò ọ̀dùnkún sílẹ̀. Ọkọ̀ dúró. Ẹni náà pa orin. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rìn díẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó dúró. Mo rò pé ó ń tọ̀ ni. Ó padà, gbòm! Ó lọ."

"Kò tan orin yẹn padà?"

"Kò tan án."

Ohun tó dún bí àpò ọ̀dùnkún yẹn, Lowell Krantz ni. Baba náà ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ káàdì nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ gbá a sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, ibẹ̀ ló sì wà títí awakọ̀ tó ń kó wàrà fi rí fìlà rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà tó yẹ òkú wò sọ pé kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kú. Ká ní ẹni tó gbá a tẹ fóònù, kódà kó má dárúkọ ara rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Lowell ì bá wà báyìí, tí yóò máa bá àwọn nọ́ọ̀sì jà nítorí oúnjẹ tí kò níyọ̀. Gbogbo ìgbà tí Ardis bá rántí èyí, ẹnu rẹ̀ á kún fún itọ́ kíkorò.

Ẹni yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn dé ibi tí Lowell wà. Ó wò ó.

"Màmá, ẹ ṣeun," ni Ardis wí. "Ilẹ̀kùn yẹn, mo ti kọ ọ́."

*

Ẹnì kan ti wà látìmọ́lé. Tomás Arriaga, tó ń fún wàrà màlúù ní oko ńlá tó wà ní àríwá ìlú, ní ọkọ̀ kékeré kan tí orin rẹ̀ máa ń mi ilẹ̀, iná iwájú rẹ̀ kan sì fọ́. Ó ní àgbọ̀nrín lòun gbá. Brandvold kò gbà á gbọ́, ó sì ti dè é láti ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ ọ̀la, Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ìlú ńlá, níbi tí àwọn tó ń lé àjèjì kúrò lórílẹ̀-èdè ti ń dúró de irú rẹ̀. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wá a padà, ì báà jẹ́ aláìṣẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Marisela, wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì, ó gbé ìkòkò oúnjẹ lé orí ẹsẹ̀. Oúnjẹ náà ti tutù látàárọ̀. Brandvold ń jẹ sọ́séèjì níwájú obìnrin náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu.

"Ta ló ní kó máa gbé oúnjẹ ọkọ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ látàárọ̀?" ni Ardis bi í.

"Òfin ni, ọ̀gá. Kò tíì tó àkókò."

"Gbé e wọlé fún un. Kó o sì nu ẹnu ẹ."

"Ọ̀gá, ẹjọ́ yìí mà ti parí. Orin ẹ̀ ń mi ilẹ̀, iná ẹ̀ fọ́, irun wà lára ẹ̀."

"Irun àgbọ̀nrín."

"Kò lè gbá àgbọ̀nrín kó tún gbá èèyàn ni?"

"Pẹ̀lú iná kan náà? Ọkùnrin yìí mà ń ṣọdẹ gan-an o. Tẹ̀ lé mi."

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ Tomás sí. Ó ní kó ṣí ilẹ̀kùn, kó pa á dé. Páà!

"Kí ló dún bí?"

"Ilẹ̀kùn."

"Agolo ni. Màmá Nygaard sọ fún ẹ pé ilẹ̀kùn yẹn wúwo, o ò kọ ọ́."

"Ọ̀gá, màmá yẹn ò ríran."

"Ṣé ojú ló fi ń gbọ́rọ̀ ni, Kurt?"

Brandvold wo bàtà rẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, Tomás kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún un. Ó dìde nígbà tí Ardis wọlé.

"Màdáámù, ṣé òótọ́ ni pé ọ̀la ni?"

"Bí mi ò bá rí ẹlòmíì mú kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀la ni."

"Lowell ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò sórí yìnyín pẹja. Ọdún tá a dé, a ò mọ ẹnikẹ́ni, òun ló gbé bàtà òtútù wá fún ìyàwó mi. Ẹ sọ fún mi, irú èèyàn wo ni màá jẹ́ tí màá fi gbá a, tí màá fi í sílẹ̀ bí ẹran?"

Irú èèyàn wo gan-an? Ohun tí Ardis fẹ́ mọ̀ nìyẹn, ara rẹ̀ sì ti ń kọ̀ ọ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

*

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni Duane Sobczak, tó ni ilé ọtí tí Lowell ti ta káàdì lọ́jọ́ náà. Duane ní ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo bí àpáta, orin rẹ̀ sì ń dún dé òdìkejì adágún. Ardis bá a níbi tó ti ń din wàràkàṣì.

"Èmi?" Duane fẹ́rẹ̀ da òróró sílẹ̀. "Lowell? Ẹni tó ń jẹ gbèsè káàdì mi, mo fẹ́ pa á kó má san án? Wá wò ó fúnra ẹ."

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ lórí pákó, aláǹtakùn ti kọ́lé sí i.

"Àfi tí mo bá tì í lọ pa á," ni Duane wí.

"Ó dáa. Ta ló tún ní ilẹ̀kùn tó wúwo lọ́nà ilé Màmá Nygaard?"

"Dókítà Ostrander nìkan ló ń gbé ìparí ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n má da ara ẹ láàmú. Rédíò tó bá ọkọ̀ àtijọ́ ẹ̀ wáyé ló ṣì wà nínú ẹ̀, ohùn ẹ̀ bí ti ẹ̀fọn. Ṣé o mọ̀ pé òun lọ̀gá àwọn tó ń fún wa ní máàkì níbi àṣehàn ọkọ̀ àtijọ́? Lọ́dọọdún ló ń gé máàkì mi nítorí rédíò tuntun tí mo fi sínú tèmi. Ó máa nàka sí i bí ẹni tó rí ìgbẹ́ ajá nínú ilé. Á ní, 'Duane, èyí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́.' Ọ̀la náà á tún sọ ọ́, ká ní mo lè gbé e lọ."

Ó bu wàràkàṣì gbígbóná sínú bébà fún Ardis. Ardis jẹ ẹyọ kan, ó sì di ìyókù mọ́wọ́ jáde.

*

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé Ardis àti Brandvold ní ilé Ostrander. Ike ìdalẹ̀nù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, eṣinṣin bò ó, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti rà débi pé Brandvold fi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bo imú. Ṣùgbọ́n nínú gáréèjì fúnra rẹ̀, ilẹ̀ funfun bí àwo. Irinṣẹ́ tò lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ibi tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí. Ọkọ̀ náà wà láàárín, aláwọ̀ ewé, ti ọdún 1967, ó ń dán débi pé Ardis rí ojú ara rẹ̀ tó rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ardis, ọmọ mi!" Merle Ostrander yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń fi kẹ́míkà ra ọwọ́. Dókítà eyín ni kó tó fẹ̀yìn tì. "Eyín ẹ ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Dókítà."

Ìka wọ̀nyí ti wọ ẹnu rẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó rántí bí wọ́n ṣe máa ń rùn fún ọṣẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án," ni Ostrander kígbe, torí pé Brandvold ti ń na ọwọ́. Ó fún un ní aṣọ kan. "Ọ̀rá ara èèyàn máa ń ba páìntì jẹ́. Orí páìntì yìí, kò sí ìka ẹnikẹ́ni níbẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá mi ti rà á."

Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ardis rántí pé bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ariwo ẹ̀rọ tó fi ń lu eyín ti jẹ etí rẹ̀.

"Dókítà, níbo lẹ wà nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Inú ilé. Mo gbọ́ nípa Lowell. Ó ṣe mí láàánú gan-an ni, ẹni jẹ́jẹ́. Ẹ sì ti mú ẹni tó ṣe é, àbí?"

"Ṣé ọkọ̀ yìí jáde?"

"Ọkọ̀ yìí? Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń jáde, tí òjò ò bá sí. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ tú gbogbo ibi tó bá wù yín. Ìwọ Brandvold náà gbọ́ mi, mo ní kẹ́ ẹ tú u."

"Mo gbọ́, sà," ni Brandvold dáhùn.

Ardis yí ọkọ̀ náà po. Iná iwájú méjèèjì ń dán, kò sí fífọ́, kò sí títẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó pa á dé. Gbòm! Irun ara rẹ̀ dìde. Ó wo inú. Láàárín dáṣíbọọ̀dù ni rédíò àtijọ́ náà jókòó sí, bọ́tìnnì márùn-ún funfun, nọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n ń yí, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, àti abẹ́rẹ́ pupa tín-ínrín lójú gíláàsì.

"Màmá kan gbọ́ orin tó ń mi àwo nínú ọkọ̀ tó gbá Lowell," ni ó wí.

Ostrander rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú èyí? Sípíkà kan ṣoṣo ló ní, abẹ́ gíláàsì iwájú ló wà, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Rédíò yìí ò kúrò lójú ihò ẹ̀ rí láti ọdún 1967. Wọ́n á rí i lọ́la níbi àṣehàn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń rí i."

"Ó tán, ọ̀gá," ni Brandvold sọ fún Ardis lóhùn kẹ́lẹ́. "Ó dájú pé kì í ṣe èyí."

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé ó tán lóòótọ́. Ardis wo ojú ọ̀run láti ẹnu ọ̀nà gáréèjì, ó rí i pé ọ̀sán ti ń lọ. Ó rántí ìkòkò oúnjẹ orí ẹsẹ̀ Marisela. Ó wá rántí nǹkan mìíràn. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ fún un, rédíò ọkọ̀ náà sì wà nínú páálí lókè àjà láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó bá ń fi irú ọkọ̀ báyìí ṣèyangàn máa ń pa rédíò àtijọ́ mọ́, wọ́n á dá a padà sí ojú ihò nígbà tí àṣehàn bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ìlú mọ̀. Ostrander nìkan ló ń búra pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro.

"Dókítà, ẹ gbà mí. Rédíò ọkọ̀ ọkọ mi wà nílé, mo fẹ́ dá a padà sí ojú ihò rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ojú Ostrander là. Ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó fẹ́ràn jù láyé, kí ló kù tí yóò fi pamọ́?

"Á, ọmọ mi! O ṣe dáadáa. Kọ́kọ́ yọ orí bátìrì. Lẹ́yìn náà, so wáyà sípíkà kó o tó fún un ní iná, tó ò bá so ó, rédíò á jóná. Ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gba ihò dáṣíbọọ̀dù, dè é níwájú, dè é lẹ́yìn, kó má bàa mì. Ki áńtẹ́nà bọ̀ ọ́."

"Ó tán?"

"Ibẹ̀ làwọn aláìmọ̀kan máa ń gbà pé ó tán! Duane àtàwọn bíi tiẹ̀!" Ó gbé ìka sókè. "Súkúrù kékeré kan wà lẹ́yìn nọ́ọ̀bù apá ọ̀tún. Òun ló ń mú rédíò bá áńtẹ́nà mu. Wàá wá ibùdó kan tó jìnnà, tí kò dún dáadáa, lókè níbẹ̀, nítòsí 1400. Wàá yí ohùn sókè dé òpin. Wàá wá máa fi súkúdíráfà yí súkúrù yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi máa dún jù."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibùdó tí kò dún?"

"Tó bá jẹ́ èyí tó ń dún ketekete, etí ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lèèyàn ń ṣe é?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ tó o bá fi rédíò sí ojú ihò. Kò sẹ́ni tó tún ń ṣe é lẹ́yìn ìyẹn. Kí lo tún fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ̀yin alára, ibùdó wo lẹ máa ń gbọ́ nínú èyí?"

"Ti àwọn àgbẹ̀, nísàlẹ̀ níbí. Iye tí wọ́n ń ta ẹlẹ́dẹ̀, bójú ọjọ́ ṣe máa rí, orin ìjọ. Mi ò gbọ́ ibòmíràn rí."

Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ihò. Ardis jókòó, ó yí i.

Ṣìììììììì! Ariwo náà bú jáde lójú kan náà, ó kún gáréèjì, Brandvold fò sẹ́yìn, ó sì fẹ̀yìn gbá sípánà kan já bọ́ láti ara ògiri. Nínú ariwo yẹn, lọ́nà jíjìn réré, ohùn ọkùnrin kan ń sọ ohun tí etí kò lè gbọ́. Nọ́ọ̀bù ohùn wà ní òpin pátápátá. Abẹ́rẹ́ pupa náà dúró gọngọ nítòsí 1400.

Ardis pa kọ́kọ́rọ́.

"Ibùdó àwọn àgbẹ̀ dà, Dókítà?"

"Mo... mo ń nu inú ẹ̀ lánàá. Aṣọ ló yí i."

"Aṣọ yí ohùn dé òpin. Aṣọ kan náà yí abẹ́rẹ́ lọ síbi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ fún mi. Aṣọ yẹn mà gbọ́n o."

"Ọ̀gá," ni Brandvold wí, ojú rẹ̀ ti ń là, "tó bá jẹ́ pé ó yọ òmíràn kúrò, ibo ló gbé e sí?"

Ardis gbé imú sókè. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni òórùn yẹn ti ń dà á láàmú. Ilé tí kò fẹ́ ìka èèyàn lára páìntì, tó wá fi ohun jíjẹrà sí ẹnu ọ̀nà.

"Dókítà, kí ló ń rùn níta?"

"Ẹran àgbọ̀nrín. Ti ìgbà ọdẹ. Fíríìsà ló bàjẹ́."

Fíríìsà ńlá náà wà ní igun gáréèjì. Ó ń kùn hùùù, iná aláwọ̀ ewé kékeré orí rẹ̀ sì ń tàn.

Brandvold jáde, ó ṣí ike ìdalẹ̀nù, ó padà wọlé pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n gbá létí. Ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ ni.

"Odidi itan! Odidi ẹ̀yìn! Ta ló ń da ẹran àgbọ̀nrín nù ní àgbègbè yìí? Tí fíríìsà èèyàn bá bàjẹ́, ṣebí á pe àwọn ará àdúgbò! Èmi gan-an ì bá wá kó o!"

"Kò bàjẹ́," ni Ardis wí. "Àyè ló ń wá nínú ẹ̀. Ṣí i, Kurt. Ó ti ní ká tú ibi gbogbo, ìwọ lẹlẹ́rìí."

Lábẹ́ ẹran tó kù ni wọ́n ti bá a, wọ́n fi bébà funfun àwọn alápatà dì í, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pinpin. Rédíò òde òní kan tó ń gba orin látinú fóònù. Sípíkà ńlá méjì tó tóbi bí orí. Nínú ìdì tó kẹ́yìn, òrùka iná iwájú tó ti ká, èyí tó ti fi òmíràn rọ́pò, àti nínú ibi tó ká yẹn, òwú aláwọ̀ ọsàn, gígùn rẹ̀ tó ìka. Òwú fìlà Lowell. Gbogbo ìlú ló mọ fìlà yẹn.

Ostrander ti jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Ó tún ń ra ọwọ́.

"Ogójì ọdún ni ẹ̀rọ eyín fi kígbe sí mi létí," ni ó wí. "Mi ò gbọ́ orin jẹ́jẹ́ mọ́. Irú èyí tó ń lù lágbára yẹn nìkan ló ń wọ̀ mí lára. Tí àṣehàn bá kù díẹ̀, màá yọ ọ́, màá dá ti ilé iṣẹ́ padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Lowell ńkọ́?"

"Mi ò rí i. Mo ń wo fóònù, mo fẹ́ pààrọ̀ orin."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wò ó."

"Mo wò ó."

"Ó ti kú?"

Ostrander ń wo ìka rẹ̀.

"Dókítà. Ó ti kú?"

"Ó pe orúkọ mi. Ó ní, 'Merle.'"

Brandvold kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ardis rò pé èébì yóò gbé òun níbẹ̀, lórí ilẹ̀ funfun yẹn, ì bá sì wù ú.

"Ó pè yín lórúkọ, ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ wálé wá ṣe rédíò."

"Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá pe ọlọ́pàá, wọ́n á rí ohun tó wà nínú dáṣíbọọ̀dù! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gé máàkì èèyàn nítorí rédíò, Ardis! Ọgbọ̀n ọdún! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Duane? Mo wà níbí mọ́jú, mo ń ṣe é. Súkúrù yẹn ni mo ń yí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ọkọ̀ ọsibítù ń hu lójú títì. Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo sá wọlé. Mo gbàgbé láti dá abẹ́rẹ́ padà."

Ó sọ ti abẹ́rẹ́ yìí bí ẹni tí nǹkan dùn dé egungun. Èyí gan-an ló kó Ardis nírìíra ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ti rí ọ̀daràn tó ń sunkún, ó ti rí èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì rí èyí tó jẹ́ pé ohun tó kábàámọ̀ ni pé rédíò kò bá ibi tó yẹ mu. Lowell ń mí nínú kòtò, ó ń retí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀, ẹni yẹn sì ń fi súkúdíráfà wá ohùn tó dún jù.

"Ẹ dìde, Dókítà."

"Ardis, ọmọ mi, nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nípa Lowell. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rédíò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí àwọn ẹgbẹ́ wa."

Ardis fara ti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó pe ọ́fíìsì, ó sì na fóònù náà sí Brandvold.

"Ìwọ lo tì í mọ́lé. Ìwọ ni kó o sọ fún un."

Brandvold gba fóònù. Ó ní kí wọ́n ṣí sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n gbé fóònù fún Tomás. Wọ́n gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ láti òdìkejì. Wọ́n gbọ́ tí Tomás ní, "Ta nìyẹn?"

"Brandvold ni. Tomás, mo... a ti rí ẹni tó ṣe é. Máa lọ sílé. Mo ṣẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́."

Tomás bèèrè, "Ta ni?"

Brandvold wo Ardis. Ardis mi orí.

"Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ni," ni Brandvold wí.

Ìgbà náà ni igbe obìnrin kan dún nínú fóònù, ìdérí ìkòkò já bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ń sáré. Ardis gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ó mí kanlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ọwọ́ ẹ!" ni Ostrander kígbe. "Ardis, ọwọ́ ẹ!"

Ardis wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló fara tì. Ọwọ́ tó fi di bébà wàràkàṣì mú jáde lọ́dọ̀ Duane, ọwọ́ tí òróró ti wọ̀ láàárín ìka, tẹ́ pẹrẹsẹ lórí páìntì aláwọ̀ ewé náà.

Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa, ó wá yọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kejì.